Ọkọ̀ Méjì, Ẹnu Kan

Etí-Ehoro ni wọ́n ń pe mẹkáníìkì náà, kì í ṣe pé etí rẹ̀ gùn. Etí rẹ̀ kò ju tèmi tìrẹ lọ. Ohun tó fa orúkọ náà ni pé bí ọkọ̀ bá ń bọ̀ láti ìkóríta, kó tó yà sí iwájú ṣọ́ọ̀bù, Etí-Ehoro á ti máa sọ ọ́ láti abẹ́ ọkọ̀ tó dùbúlẹ̀ sí pé búréèkì ẹ̀yìn, apá òsì, ti tán lára èyí tó ń bọ̀ yẹn. Bí wọ́n bá tú u, bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n á bá a. Àwọn tó ń jowú rẹ̀ ní oògùn ló lò. Kò lo nǹkan kan. Ó kàn jẹ́ ẹni tó máa ń dákẹ́ nígbà tí nǹkan mìíràn bá ń sọ̀rọ̀ ni.

Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ti kú, ṣùgbọ́n òfin kan tó fi lélẹ̀ kò bá a kú. Òfin náà ni pé bí mẹkáníìkì bá ti yẹ ọkọ̀ wò tán, kó kọ ohun tó rí sílẹ̀ kó tó la ẹnu bá ẹni tó ni ín. "Kọ ọ́ sílẹ̀ kí ojú oníbàárà tó yí ẹnu rẹ padà," báyìí ni ọ̀gá máa ń wí. Nítorí náà ni Etí-Ehoro ṣe ní ìwé kan, irú èyí tí àwọn ọmọ iléèwé ń lò, tí wọ́n fi irin dè láàrin. Ojú ìwé kan, ọkọ̀ kan. Gírísì kún ara ìwé náà, àṣìṣe inú rẹ̀ sì pọ̀ ju gírísì lọ, torí pé iléèwé kò pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré.

Àṣìṣe yìí ló kọ́kọ́ ṣe alárinà fún un. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan àti ọkùnrin méjì tó rí lójú ọ̀nà ti ọkọ̀ bàbá rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù. Ọkọ̀ ọ̀hún ti gbó débi pé ìlẹ̀kùn awakọ̀ kò ṣeé ṣí mọ́ láti inú. Eruku ṣọ́ọ̀kì wà ní ìka obìnrin náà, bàtà rẹ̀ kan ti já. Etí-Ehoro yẹ ọkọ̀ náà wò, ó kọ ohun tó rí, ó gbójú sókè láti sọ ọ́, ojú rẹ̀ bọ́ sí ti obìnrin náà. Ẹwà obìnrin náà kì í ṣe èyí tó ń pariwo, ṣùgbọ́n ó ń wo ènìyàn bí ẹni tó ní àkókò láti gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé ìparí. Dípò kó sọ̀rọ̀, ìwé ló nà sí i.

Ó kà á. Ó wá bírò pupa jáde nínú báàgì.

"Ẹ̀yin lẹ kọ èyí?"

"Èmi ni."

"Iṣẹ́ yín dára. Ìwé yín ni ò dára." Ó fa igi sábẹ́ ọ̀rọ̀ méje, ó kọ èyí tó tọ́ sórí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: mẹ́rin nínú mẹ́wàá. "Mo máa padà wá ní Fúráìdé láti wò ó bóyá ẹ ti tún un kọ."

Etí-Ehoro rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Nígbà tí Fúráìdé pé, Tíṣà, bí àdúgbò ṣe ń pe obìnrin náà, dé lóòótọ́, pẹ̀lú bírò rẹ̀. Ó wá ní Fúráìdé kejì. Ní ìkẹta, kò sí ọkọ̀ kankan tó gbé wá, kò sì sí ẹni tó bi í léèrè ohun tó ń wá. Ọkùnrin tí kì í wẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀ ní agogo mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ Fúráìdé. Àwọn ará àdúgbò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọṣẹ ti gbówó lórí nítorí Etí-Ehoro.

Ó pẹ́ kó tó lè sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, nígbà tó sì máa sọ ọ́, ìwé náà ló tún fi sọ ọ́. Lábẹ́ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ káfíńtà kan, níbi tó kọ ọ́ sí pé ó ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó kọ ọ́ pé òun fẹ́ràn rẹ̀, òun sì fẹ́ kó jẹ́ aya òun. Ó wá lọ fara pa mọ́ sábẹ́ ọkọ̀. Ó ń wo bàtà Tíṣà láti ibẹ̀. Bàtà náà kò kúrò lójú kan fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó jáde, ó rí i pé Tíṣà ti ṣe àtúnṣe àwọn àṣìṣe ibẹ̀ ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, kò yọ ọ̀kan sílẹ̀, ó sì ti kọ ọ̀rọ̀ méjì péré sí ìsàlẹ̀ ní pupa: Èmi náà. Kò fún un ní máàkì kankan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ọ̀dọ̀ Bàbá. Bàbá Tíṣà ti ṣe akọ̀wé kóòtù fún ọdún méjìlélọ́gbọ̀n kó tó fẹ̀yìn tì. Ẹ̀rí ẹnu àwọn ènìyàn ló ń kọ sílẹ̀ ní gbogbo ọdún yẹn, irọ́ àti òótọ́, débi pé bó o bá kí i káàárọ̀, á kọ́kọ́ wò ọ́ lójú ná. Nígbà tí Etí-Ehoro wá síwájú rẹ̀ nínú yàrá àlejò, ọwọ́ rẹ̀ ni Bàbá ń wò. Ó ti fi kẹ́rósìn-ìn fọ ọwọ́ náà lẹ́ẹ̀mẹta, síbẹ̀ dúdú kò kúrò lábẹ́ èékánná.

"Ọmọ mi ń kọ́ ọmọ ẹlòmíì níwèé," Bàbá wí. "Ṣé o fẹ́ kó délé kó tún máa kọ́ ọkọ ni?"

Ìyá Tíṣà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún sórí àpótí nítorí orúnkún tó ń ro ó. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ló kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń fọ abọ́? Ẹ jẹ́ kọ́mọ yìí jókòó, ó ti ń dúró láti àárọ̀."

Láti ọjọ́ náà ni Ìyá ti ń pe Etí-Ehoro ní ọmọ mi. Etí-Ehoro kò mọ ìyá tó bí i. Ó ti kú kó tó mọ ojú. Bó bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ méjì yẹn, á ṣe bí ẹni pé nǹkan wọ ojú òun.

Oṣù mẹ́fà ni Bàbá fi ń sọ pé òun ń rò ó. Ní oṣù keje, ọkọ̀ àtijọ́ rẹ̀ kú pátápátá, Bàbá sì ní òun máa fi owó ìfẹ̀yìntì ra òmíràn. Méjì ló wà níwájú rẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ti agbẹ̀bí kan tó ń gbé ní òpópónà kejì, ọkọ̀ ọdún mẹ́tàdínlógún, òun nìkan ló sì ti ń lò ó láti ìgbà tó ti rà á. Ìkejì wà lọ́wọ́ alágbàtà ọkọ̀, ọdún mẹ́rin péré, funfun báláú, rédíò rẹ̀ ń tan iná àwọ̀ mẹ́ta.

"Wá bá mi wò wọ́n ní Sátidé," Bàbá sọ fún Etí-Ehoro. "Ẹni tó bá ní òun mọṣẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ ló máa jẹ́rìí fún un. Lẹ́yìn ìyẹn, a ó mọ ohun tí a máa sọ nípa ọ̀rọ̀ tó o gbé wá."

Kò sí ohun tó dùn mọ́ Etí-Ehoro tó ìyẹn. Nínú gbogbo ohun tó wà láyé, ibi tó dá a lójú ni Bàbá pè é sí.

Ṣùgbọ́n ní Tọ́sìdé, àbúrò Ìyá ránṣẹ́ pè é. Onídìrí ni, òun ló sì ń ṣe alárinà láàárín ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì àti ilé akọ̀wé kóòtù láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ń yí irun oníbàárà kan mọ́ rólà nígbà tí Etí-Ehoro dé, ó fi kóòmù júwe àga fún un.

"Jókòó. O mọ̀ pé Bàbá ti yan ti alágbàtà yẹn?"

"Wọ́n ní kí n wá yẹ̀ wọ́n wò ni, Àǹtí."

"Ìwọ ọmọ yìí náà. Ogún ọdún ló ti ń wa ọkọ̀ tí àwọn ọmọ ń ṣáátá. Ẹnu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ti lọ wo funfun yẹn. Ó ti mọ ibi tó máa gbé e sí nínú ọgbà. Kò wá ẹni tó máa gbà á nímọ̀ràn, ẹni tó máa bá a ṣe àmín ló ń wá."

"Bí ọkọ̀ náà ò bá dára ńkọ́?"

"Ọdún mẹ́rin, kí ló máa ṣe é?" Àǹtí rọra sọ rólà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Gbọ́. Bó o bá bẹnu àtẹ́ lu ọkọ̀ yẹn, òun lo bẹnu àtẹ́ lù. Á ní o ò tíì fẹ́ ọmọ òun tán, o ti ń darí òun. Mo ti bá wọn gbé pẹ́ jù ẹ́ lọ. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ṣé ìyàwó lo fẹ́ ni, àbí o fẹ́ gba ìdájọ́?"

Etí-Ehoro rẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́, ó lọ. Ó sọ fún ara rẹ̀ lójú ọ̀nà pé ó ṣeé ṣe kí àwọn ọkọ̀ méjèèjì dára. Kí ló dé tí ènìyàn á máa bẹ̀rù ohun tí kò tíì rí?

Ní Sátidé, ọkọ̀ agbẹ̀bí ló kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ọ̀dà rẹ̀ ti ṣá, ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn kan ti rún, aṣọ àga iwájú ti fẹ́lẹ́. Ó tan ẹ́ńjìnnì, ó sì fi etí sí i. Ẹ́ńjìnnì náà ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí àgbàlagbà tó mọ ibi tó ń lọ. Agbẹ̀bí náà kó ìwé gbogbo ọjọ́ tó pààrọ̀ ọ́ìlì síwájú rẹ̀, kò pa ọ̀kan jẹ. Ìyá ní kí wọ́n jẹ́ kóun jókòó sínú rẹ̀. Àga náà ga, ìlẹ̀kùn náà ṣí gbalaja, orúnkún rẹ̀ sì wọlé láìsí ìnira. "Ọkọ̀ yìí mọ̀ pé mo ní orúnkún," ó wí, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín, àfi Bàbá tó ń wo agogo ọwọ́ rẹ̀.

Ti alágbàtà ló kàn. Ó ń dán lóòótọ́. Bí Etí-Ehoro ṣe ṣí ìlẹ̀kùn báyìí ni òórùn lọ́fínńdà kan gbá a nímú, èyí tó pọ̀ jù, tó jẹ́ pé ó yẹ kí ènìyàn bi ara rẹ̀ ohun tí wọ́n ń fi bò mọ́lẹ̀. Ó ká kápẹ́ẹ̀tì sókè níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ká a: àwọn nọ́ọ̀tì àga ti dípẹtà. Ó mú bẹ́líìtì ìjókòó iwájú, ti ẹni tó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, ó fà á títí ó fi tán nínú ilé rẹ̀, níbi tí aláfọ̀mọ́ kankan kì í fà á dé. Ẹrẹ̀ gbígbẹ ló wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́, ó tò bí ìlà tí wọ́n fi rúlà fà. Ó yí kọ́kọ́rọ́. Iná kékeré kan yẹ kó tàn kó sì kú, èyí tó ń sọ pé báàgì afẹ́fẹ́ tó ń wú jáde bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan, ti inú sítíárì àti ti iwájú èrò, ṣì wà láàyè. Iná náà kò tàn rárá. Ẹnìkan ti yọ ọ́.

Omi ti mu ọkọ̀ yìí bo àga. Àgbàrá ńlá ló gbé e níbìkan, wọ́n sì nù ún, wọ́n gbá a, wọ́n kùn ún ní lọ́fínńdà. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ á máa ṣiṣẹ́ fún oṣù díẹ̀, wáyà rẹ̀ á máa jẹrà láti inú, lọ́jọ́ kan tí kò sẹ́ni tó mọ̀, á kú sábẹ́ ènìyàn.

Etí-Ehoro mú ìwé rẹ̀, ó kọ ọ́. Bí ọ̀gá ṣe kọ́ ọ ló ṣe kọ ọ́, bí Tíṣà ṣe kọ́ ọ ló ṣe fi àmì sí i. Lẹ́yìn náà ló pa ìwé náà dé.

Nígbà tó gbójú sókè, Bàbá dúró níwájú ọkọ̀ funfun náà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ojú Bàbá ti yí padà di ojú ọmọdé. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Etí-Ehoro rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ó dáa," Bàbá wí. "Jẹ́ ká gbọ́ ẹ."

Ọ̀rọ̀ Àǹtí wá sọ́kàn rẹ̀. Oṣù mẹ́fà tí Bàbá fi ń rò ó náà wá. Ó wá rò ó pé, ṣebí mẹkáníìkì lòun? Bí Bàbá bá ra ọkọ̀ yìí, tí òun sì di ọmọ ilé, òun á máa gbé e wọ ṣọ́ọ̀bù díẹ̀díẹ̀, òun á pààrọ̀ gbogbo wáyà rẹ̀, òun á wá báàgì mìíràn sí i, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀. Kò pọ̀ jù fún un. Ó ti ṣe èyí tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Tuntun yìí dára, sà," ó wí. "Mi ò rí nǹkan kan tó ń ṣe é."

Ìyá wò ó. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ tẹ ilẹ̀. "Ọmọ mi, ti agbẹ̀bí yẹn ńkọ́? Ó rọ̀ mí lọ́rùn."

"Ó ti gbó, mà. Èyí ló máa tọ́jọ́."

Bàbá gbá a léjìká. Kò tíì fọwọ́ kàn án rí. Tíṣà sún mọ́ ọn bí wọ́n ṣe ń lọ, ó bi í lóhùn kékeré pé, "Ṣé òótọ́ ni?" Kò bi í bí ẹni tó ń fura. Ó kàn fẹ́ gbọ́ ọ kó lè yọ̀ dáadáa. Etí-Ehoro ní òótọ́ ni.

Ní àṣálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó fẹ́ fa ewé náà ya. Ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n fi irin dè láàrin, ewé méjì méjì ló wà. Bó o bá fa ọ̀kan ya, èkejì rẹ̀ á já bọ́. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí i pé èkejì èyí tó fẹ́ ya ni ewé ọkọ̀ káfíńtà, níbi tí Èmi náà wà ní pupa. Kò lè ya á. Ó fi ìwé náà sábẹ́ pákó àpótí irinṣẹ́, ó ra tuntun. Nígbà tí Tíṣà béèrè àtijọ́ ní Fúráìdé, ó ní ọ́ìlì dà sí i.

Ayọ̀ wà nínú oṣù mẹ́rin tó tẹ̀ lé e, n kò ní purọ́. Bàbá ń gbé e jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, ó ń sọ ìtàn kóòtù fún un. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ funfun yẹn bá wọ òpópónà, Etí-Ehoro á dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀, á fetí sí i. Ní oṣù kejì, ó ní kí Bàbá gbé e wá kóun tú abẹ́ rẹ̀ wò.

"Ìwọ lo ní nǹkan kan ò ṣe é," Bàbá dá a lóhùn. "Kí lo wá fẹ́ tú?"

"Ká kàn yẹ wáyà rẹ̀ wò ni, sà."

"Ẹni tí ara rẹ̀ le kì í lọ dùbúlẹ̀ sọ́sibítù. Àbí o ti rí nǹkan tí o ò sọ fún mi?"

Àyè ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù kó sọ. Etí-Ehoro wo ojú ẹni tó ti fi ọdún méjìlélọ́gbọ̀n kọ ẹ̀rí, ó ní, "Rárá, sà." Irọ́ àkọ́kọ́ ti ti ìlẹ̀kùn mọ́ àtúnṣe, òun fúnra rẹ̀ ló sì ní kọ́kọ́rọ́. Ìgbà méjì ló tún gbìyànjú, ìgbà méjì ni Bàbá fi í rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Túsìdé kan ni, òjò ń rọ̀ wínníwínní, Bàbá ń gbé Ìyá lọ rí dókítà nítorí orúnkún rẹ̀. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó sọ̀ kalẹ̀ sí ìkóríta, ẹ́ńjìnnì kú. Sítíárì le gan-an, búréèkì le bí òkúta lábẹ́ ẹsẹ̀ Bàbá. Ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró níwájú wọn, wọ́n sì lọ kọlù ú. Kò sí báàgì afẹ́fẹ́ kankan tó jáde, bẹ́líìtì Ìyá kò sì dì í mú. Apá Bàbá kan dá. Ìyá kò débi tí wọ́n ń gbé e lọ.

Ṣọ́ọ̀bù Etí-Ehoro ni wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà wá, torí pé òun ni mẹkáníìkì ilé. Ó ṣí ìlẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ibi tí Ìyá jókòó sí. Bẹ́líìtì náà ti yọ tán, ó dùbúlẹ̀ sórí àga, ẹrẹ̀ gbígbẹ sì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ níbi tó ti rí i ní Sátidé yẹn. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ọ́ìlì. Ó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi tán, kò sì sí ohun tí ẹkún náà tún ṣe.

Ó rò pé wọ́n á bi í. Kò sẹ́ni tó bi í. Ohun tó bà á lẹ́rù jù nìyẹn. Ó gbé òkú Ìyá pẹ̀lú àwọn ọkùnrin ilé, Tíṣà sì gbé orí lé e léjìká níwájú gbogbo ènìyàn, ó ní, "Èmi àti ìwọ nìkan ló kù tí Màámi ń pè lọ́mọ." Bí ilẹ̀ bá lanu lọ́jọ́ yẹn, á wọ inú rẹ̀ láìbojúwẹ̀yìn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn ìsìnkú, Bàbá ní kí Àǹtí lọ pè é wá. Apá Bàbá ṣì wà nínú símẹ́ńtì tí àwọn dókítà fi dì í. Àpótí tí Ìyá máa ń na ẹsẹ̀ lé ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kò sẹ́ni tó gbé e.

"Ìyá yín fẹ́ràn rẹ," Bàbá wí. "Èmi ni mo ń fa ọ̀rọ̀ náà sẹ́yìn. Ọkọ̀ tó pa á, ìwọ yẹ̀ ẹ́ wò, o sọ ohun tó o rí, mo gbà ẹ́ gbọ́. Kò sí ẹni tó lè mọ ohun tí ojú ò rí. Kádàrá ni. Ẹ mú ọjọ́ ìgbéyàwó wá, ẹ̀yin méjèèjì. Ilé yìí ti dákẹ́ jù."

Ohun tí Etí-Ehoro ń wá láti ọdún kan ààbọ̀ nìyẹn. Wọ́n gbé e lé e lọ́wọ́, kò sì lè dì í mú. Ó dúpẹ́. Ó délé, ó ṣí àpótí irinṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi jẹun tó dára. Ó rò ó pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ó tún rò ó pé òun á máa jí lójoojúmọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń pe òun ní olóòótọ́. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Ó ṣe é bí ẹni pé ó sàn kó bá a lónìí.

Ní Fúráìdé, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti lọ, ó bá Tíṣà nínú kíláàsì. Tíṣà ń nu pátákó. Inú rẹ̀ dùn nígbà tó rí ìwé àtijọ́.

"O ní ọ́ìlì dà sí i."

"Mo purọ́. Bá mi kà á."

Ó jókòó sórí ọ̀kan nínú àwọn àga kékeré yẹn, ó yọ bírò pupa, bó ṣe máa ń ṣe. Etí-Ehoro dúró bí ọmọ iléèwé tí wọ́n ní kó dúró. Ó rí i bí ìmú bírò náà ṣe ń tọ ọ̀rọ̀ lẹ́yìn, láìfọwọ́ kan ìwé: Ọkọ̀ alágbàtà. Ọdún mẹ́rin. Omi ti mu ún bo àga. Wáyà ń jẹrà. Ẹrẹ̀ wà nínú bẹ́líìtì iwájú. Báàgì afẹ́fẹ́ kò lè ṣiṣẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rà á.

Ó kà á tán. Ó tún padà sókè, ó tún un kà. Bírò náà kò sọ̀ kalẹ̀ níbì kankan.

"Kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀," ó wí.

Tíṣà fi ìka tẹ ojú ìwé náà.

"Ìgbà wo lo kọ ọ́? Kó o tó sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, àbí lẹ́yìn tó o sọ̀rọ̀?"

"Kí n tó sọ̀rọ̀."

"Òfin ọ̀gá ẹ." Ó mi orí. "Màámi bi ẹ́. Wọ́n ní ọmọ mi, ti agbẹ̀bí yẹn ńkọ́. Mo wà níbẹ̀."

"Mo rò pé mo máa tún un ṣe kó tó bàjẹ́. Mo rò pé tí mo bá sọ ọ́, Bàbá ò ní gbà kí n fẹ́ ẹ."

"Wọn ì bá má gbà. Wọn ì bá lé ẹ." Ó dé bírò náà. "Mi ò ní fi pa mọ́ fún ẹ. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú Sátidé yẹn, mo sọ fún Màámi pé bí Bàbá bá tún kọ̀, màá tẹ̀lé ẹ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí n lọ. Wọ́n ní àwọn á bá mi bẹ Bàbá tó bá yá. O ti ní mi tẹ́lẹ̀. O kàn wá fi Màámi ra ohun tó ti wà lọ́wọ́ ẹ ni."

Ó fẹ́ kúnlẹ̀. Tíṣà ní kó má kúnlẹ̀.

"Jẹ́ kí n lọ jẹ́wọ́ fún Bàbá," ó wí. "Ohun tó bá wù wọ́n ni kí wọ́n fi mí ṣe."

"Kó o lè sùn? Rárá. Bàbá ló wa ọkọ̀ náà. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń mí ni pé kò sẹ́ni tó lè mọ̀. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ẹnìkan mọ̀, pé wọ́n rẹ́rìn-ín nígbà tó ní kí wọ́n gbé e wá, òkú kejì la máa sin." Ó na ìwé náà sí i. "Wàá lọ bá wọn, wàá ní o ò ṣe mọ́."

"Kí ni kí n sọ pé ó fà á?"

"Irọ́ lo fi wọlé wa. Wá ọ̀kan tó o máa fi jáde."

Ó gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ kó tó lè lọ. Nígbà tó lọ, orí ìdúró ló wà, kò jókòó. Ó sọ fún Bàbá pé òun ti rí ẹlòmíràn. Bàbá kò pariwo, kò ṣépè. Ó wò ó lójú bí ó ṣe máa ń wo àwọn ẹlẹ́rìí.

"Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n," Bàbá wí. "Mo rò pé mo mọ ojú ẹni tí kì í purọ́. Ọjọ́ tó o sọ̀rọ̀ ọkọ̀ fún mi ni mo ti sọ fún Ìyá pé, ọmọ yìí, bó bá ti sọ ọ́, ó ti sọ ọ́ nìyẹn." Ó yíjú sí fèrèsé. "Máa lọ."

Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Tíṣà gba ìyípadà lọ sí iléèwé mìíràn níbi tó jìnnà, ó mú bàbá rẹ̀ lọ. Àǹtí tó ń dirun kò kí Etí-Ehoro mọ́. Ó rò pé Etí-Ehoro dalẹ̀ lóòótọ́, òun náà kò sì sọ òtítọ́ fún un.

Ọkùnrin kan tó ń ta búrẹ́dì ló ra ọkọ̀ agbẹ̀bí náà. Láràárọ̀ ló ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, Etí-Ehoro sì ń gbọ́ ọ láti ìkóríta, kó tó yọ. Ọkọ̀ náà ti lé ní ọmọ ọdún méjìlélógún báyìí. Bí ọjọ́ ọ́ìlì bá pé, oníbúrẹ́dì náà á gbé e wá, á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí Etí-Ehoro ti ń yẹ̀ ẹ́ wò, á ní, "Ọ̀gá, ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣe é?"

Etí-Ehoro kì í fi ẹnu dá oníbàárà kankan lóhùn mọ́. Ó ń kọ ọ́ ni, á sì na ìwé náà sí wọn kí wọ́n kà á fúnra wọn. Àṣìṣe tún ti kún inú rẹ̀ bíi ti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń fi pupa sí i.